Saint Peter's, yunifásítì ẹlẹ́yẹ ọ̀kín: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti oṣù kẹta ọdún 2022 ni àwọn èèyàn ti ń bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè nípa Saint Peter's, yunifásítì kékeré kan l'Amẹ́ríkà tó fi ẹyẹ ọ̀kín ṣe àmì ara rẹ̀. Oṣù yẹn ni ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì wọn na ti Kentucky, yunifásítì ńlá tó jẹ́ ọ̀gá nínú eré náà, nínú ìdíje ńlá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Mo ti dáhùn àwọn kan títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Mo wá kó wọn jọ síbí. Ẹni tí básíkẹ́ẹ̀tì nìkan bá gbé dé lè fo apá ìtàn, àmọ́ bí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ gan-an ni adùn ọ̀rọ̀ yìí wà.

Níbo ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà?

Jersey City ni, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Odò Hudson ló wà láàárín ìlú yìí àti Manhattan. Bí ẹ bá wọ rélùwéè PATH láti Manhattan, Journal Square ni ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó wá fẹsẹ̀ rìn lọ lójú títì Kennedy Boulevard. Ẹ má retí ọgbà ńlá tó tẹ́ rẹrẹ bíi ti Ifẹ̀ o. Àárín ìlú ni wọ́n kọ́lé sí, bọ́ọ̀sì ń kọjá níwájú kíláàsì, ilé onílé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé.

Ta ló dá a sílẹ̀?

Àwọn Jésúíìtì, ìyẹn ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì tí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ lára jù. Ọdún 1872 ni ìjọba New Jersey fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ọdún 1878 ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ní Warren Street nísàlẹ̀ ìlú. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà nígbà náà, ọmọ àwọn tó wá láti Yúróòpù láti wáṣẹ́ ṣe ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti í pa rí?

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ogun Àgbáyé Kìíní ló fà á. Ọ̀dọ́kùnrin ń wọ iṣẹ́ ológun, àga ń ṣófo ní kíláàsì, nígbà tó sì di ọdún 1918, àwọn Jésúíìtì ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe Saint Peter's nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà ní Warren Street kò kógbá sílé ní tirẹ̀, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló kú.

Odidi ọdún 12 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Ọdún 1930 ni wọ́n tó tún un ṣí, àsìkò tí ọ̀dá owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fojú Amẹ́ríkà rí màbo. Ta ló ń ṣí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí báńkì ń kógbá sílé? Wọn ò nílé tiwọn pàápàá. Inú ilé àwọn oníṣòwò ìlú, ní Newark Avenue, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé wọ́n kó lọ síbi tí wọ́n wà báyìí lọ́dún 1936. Hudson Boulevard ni títì náà ń jẹ́ nígbà yẹn. Ẹ fi ọdún 12 yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹyẹ ń bọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀kín? Ṣé ẹyẹ yẹn le ni?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Nínú gbogbo yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó ga jù l'Amẹ́ríkà, ìyẹn Division I, kò sí òmíràn tó fi ọ̀kín ṣe àmì. Kìnnìún, béárì, idì, ajá oríṣiríṣi, ìwọ̀nyẹn ni àwọn tó kù gbé sáyà kí ẹ̀rù lè ba alátakò. Ta lọ̀kín fẹ́ dẹ́rù bà?

Ìdí méjì ló wà. Èkíní jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Lọ́dún 1630, nígbà tí àwọn Dutch ń já ilẹ̀ gbà létí odò Hudson, ọkùnrin olówó Amsterdam kan tó ń jẹ́ Michael Pauw gba ilẹ̀ tí Jersey City wà lórí rẹ̀ lónìí, ilẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn Lenape, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Lédè Dutch, "pauw" ni ọ̀kín. Ó wá yí orúkọ ara rẹ̀ sí èdè Látìn, ó sọ ilẹ̀ náà ní Pavonia. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bàbá yìí kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Orúkọ rẹ̀ ló rìnrìn-àjò. Títì kan ṣì ń jẹ́ Pavonia Avenue ní Jersey City títí dòní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Saint Peter's náà fi orúkọ rẹ̀ ṣàwàdà, Pauw Wow ni wọ́n ń pe ìwé ìròyìn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdí kejì ló wọ̀ mí lọ́kàn. Àwọn ará àtijọ́ gbà gbọ́ pé ẹran ọ̀kín kì í rà. Augustine Mímọ́ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbé ọ̀kín sísè wá síwájú òun ní Kátéèjì, òun ní kí wọ́n bá òun gé lára rẹ̀ pa mọ́, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ kò rùn, lẹ́yìn ọdún kan ó kàn gbẹ díẹ̀ ni. Mi ò ní kí ẹ lọ dán an wò nílé. Yàtọ̀ sí èyí, ìyẹ́ ìdí ọ̀kín a máa já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù. Ìdí nìyí tí àwọn Kristẹni ìgbà ìwáṣẹ̀ fi ń ya ọ̀kín sára ògiri ibojì wọn: ẹni tó kú yóò jí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó kú lọ́dún 1918 tó sì jí lọ́dún 1930, ẹyẹ wo ni ẹ tún fẹ́ kó mú?

Ṣé ọ̀kín wọn yìí náà ni ọ̀kín tiwa?

Ibi tí àríyànjiyàn wà nìyí, mi ò sì ní í fi dandan lé e. Ẹyẹ ilẹ̀ Íńdíà ni ẹyẹ oníyẹ̀ẹ́ gbọọrọ yẹn, kì í ṣe inú igbó wa ló ti wá. Àwọn àgbà kan sọ pé ọ̀kín tí oríkì ń kì, ẹyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ kan tí ìrù rẹ̀ gùn ni, tí ọba ń fi ìyẹ́ rẹ̀ sádé. Ìdí nìyí tí àwọn míì fi ń pe ti òyìnbó ní ẹyẹ ológe. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí, ọ̀kín ni ọ̀kín ń jẹ́, òun sì ni mo lò síbí.

Ọmọ Ọ̀fà kan wà tó jẹ́ pé nígbàkigbà tí mo bá dárúkọ Saint Peter's, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kira rẹ̀: "Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà Mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà." Mo sọ fún un pé ó tọ́ o. Ìlú ọlọ́kìn-ín tó fi ìjàkadì ṣorò, ìyẹn gan-an ni irú básíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ yìí gbá.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Wọ́n wọ kíláàsì ọ̀sán pẹ̀lú ọkùnrin lọ́dún 1966. Peahens, abo ọ̀kín, ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, Peacocks ni gbogbo wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ìgbà wo ló di yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló sì ní?

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń jẹ́ títí di ọdún 2012. Lọ́dún tí òkìkí rẹ̀ kàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3,000, àtàwọn tó ń kàwé gba oyè kejì. Ẹ fi wé Kentucky tó ní nǹkan bí 30,000.

Ṣé lóòótọ́ ni Martin Luther King wá síbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, Saint Peter's fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ẹ rántí pé ọdún yẹn náà ni ọ̀rọ̀ Selma ṣẹlẹ̀, ìwọ́de àwọn aláwọ̀ dúdú fún ẹ̀tọ́ láti dìbò, kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ funfun ló fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń kọ ìwé ìpolówó yunifásítì náà, ọjọ́ yìí ni n bá gbé síwájú bọ́ọ̀lù.

Ṣé ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá?

Rárá o. Ẹ bi àwọn arúgbó Jersey City léèrè nípa ọdún 1968. Kóòṣì Don Kennedy ní ẹgbẹ́ kan tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, wọ́n sì sọ wọ́n ní "Run, Baby, Run". Ìdíje NIT, ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn yunifásítì, ni wọ́n lọ nígbà náà ní Madison Square Garden, gbọ̀ngàn ńlá kan ní New York, iyì NIT sì pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ. Nínú eré àkọ́kọ́ wọn pẹ̀lú Marshall, Elnardo Webster nìkan ju pọ́ìntì 51 sápẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n na Duke, bẹ́ẹ̀ ni, Duke tó lókìkí nídìí básíkẹ́ẹ̀tì yìí náà, 100 sí 71. Kansas ló dá wọn dúró. Orúkọ ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n fi sọ gbọ̀ngàn ìgbábọ́ọ̀lù yunifásítì náà lónìí, Run Baby Run Arena.

Keydren Clark náà tún wà. Láàárín ọdún 2002 sí 2006, ọmọ kúkúrú yìí ju pọ́ìntì 3,058. Òun ló ju pọ́ìntì jù ní ìpíndọ́gba ní gbogbo Division I lọ́dún 2004, ó tún ṣe é lọ́dún 2005. Síbẹ̀, kò gbá eré kan ṣoṣo rí nínú ìdíje ńlá oṣù kẹta. Saint Peter's kò yege fún ìdíje náà lọ́dún kankan tó fi wà níbẹ̀.

Báwo ni ìdíje oṣù kẹta yìí ṣe ń lọ?

Ẹgbẹ́ 68 ni wọ́n ń pè. Àwọn kan wọlé nítorí pé wọ́n gba ife líìgì tiwọn, ìgbìmọ̀ ló yan àwọn tó kù. Wọ́n á pín wọn sí ẹkùn mẹ́rin, wọ́n á sì to ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan láti ipò 1 dé ipò 16, bí agbára wọn bá ṣe rí lójú ìgbìmọ̀. Ẹni ipò 1 á bá ẹni ipò 16 gbá, 2 á bá 15. Ẹ rí i pé wọ́n ti ṣe é kí alágbára kọ́kọ́ pàdé aláìlágbára. Bí wọ́n bá ti nà yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé àpò yín, ó di ilé. Kò sí ìpàdé kejì.

Líìgì MAAC ni Saint Peter's wà, ó wà nínú àwọn tó dá a sílẹ̀. Líìgì kékeré ni. Ẹni tó bá gba ife rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń lọ.

Hakeem Olajuwon ńkọ́? Ṣé ìdíje yìí ló gbá?

Òun náà ni, pẹ̀lú yunifásítì Houston. Ọmọ Èkó náà dé àárín mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra, 1982, 1983 àti 1984, kò sì gba ife náà rí. Lọ́dún 1983, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pàdánù ní àṣekágbá, òun ni wọ́n sọ pé ó mọ̀ ọ́n gbá jù. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ bí ìdíje yìí ṣe le tó: irú Olajuwon pàápàá lọ, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni Saint Peter's ti lọ?

Márùn-ún, títí di ọdún 2025. Lọ́dún 1991, Texas nà wọ́n 73 sí 65. Lọ́dún 1995, Massachusetts nà wọ́n 68 sí 51. Lọ́dún 2011, Purdue nà wọ́n 65 sí 43, ẹ fi orúkọ Purdue yẹn pa mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta bọ̀, wọn ò borí ẹnì kankan. Ìkẹrin ni 2022. Ìkarùn-ún ni 2024: kóòṣì tuntun, Bashir Mason, mú wọn gba ife MAAC lọ́wọ́ Fairfield, Tennessee sì fọ̀ wọ́n 83 sí 49 ní ọwọ́ àkọ́kọ́. Lápapọ̀, eré mẹ́jọ, wọ́n borí mẹ́ta, wọ́n pàdánù márùn-ún. Gbogbo mẹ́ta tí wọ́n borí náà, àárín ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti borí wọn.

Ó dáa, ẹ sọ ti Kentucky.

Mo ti mọ̀ pé ẹ ó bèèrè.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2022 ni, ní Indianapolis. Ipò 2 ni Kentucky wà, ipò 15 ni Saint Peter's. Kentucky ti gba ife yìí lẹ́ẹ̀mẹjọ. Owó oṣù kóòṣì wọn lọ́dún kan ju mílíọ̀nù 8 dọ́là lọ, iye yẹn sì ju gbogbo owó tí Saint Peter's ń ná sórí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin rẹ̀ lọ́dún lọ fíìfíì. Ọ̀gànjọ́ òru ni ní ilẹ̀ wa. Mo ti sọ fún ara mi pé n óò kàn wo ìlàjì àkọ́kọ́ lórí fóònù, n óò sùn.

Oorun kò wá mọ́. Kentucky ní Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò, ọkùnrin tó rí gìràgìrà tó ń ja bọ́ọ̀lù gbà lókè bí ẹni ń ká máńgòrò. Ó ju pọ́ìntì 30, ó gba bọ́ọ̀lù 16 tó ta padà lára agbọ̀n. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ju ọ̀kan, Daryl Banks náà á ju ọ̀kan fún Saint Peter's láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹnì kan wà tí kò sí nínú àwọn márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀: Doug Edert, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dá irùmú tẹ́ẹ́rẹ́ sí bí ọlọ́pàá inú fíìmù àtijọ́. Nígbà tí àkókò fẹ́ pé, Kentucky fi pọ́ìntì méjì ṣíwájú. Edert wọ àárín àwọn géńdé, kò dé ìdí agbọ̀n, ó kàn rọra sọ bọ́ọ̀lù sókè, ó ga, ó kọjá lórí ọwọ́ wọn, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́. 71 sí 71. Wọ́n fi àkókò kún un. Nínú àfikún yẹn, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Kentucky ti wúwo, ojú wọn ti ń wá kóòṣì. Ti àwọn ọlọ́kìn-ín mọ́lẹ̀ kedere. 85 sí 79 ló parí sí. Banks ní 27, Edert ní 20. Mo pariwo, àwọn ará ilé sì bú mi.

Lẹ́yìn náà ńkọ́?

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bá Murray State pàdé, ẹgbẹ́ tó ti borí nínú eré 21 léraléra. 70 sí 60. KC Ndefo ṣe bẹbẹ lọ́jọ́ náà, ó ju pọ́ìntì 17, ó sì dí bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí wọ́n ń jù sápẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọ abẹ́ agbọ̀n wọn ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, Philadelphia, ọjọ́ 25 oṣù kẹta. Purdue ló tún kàn. Ẹ rántí 2011? Purdue ní Zach Edey, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́rin. Saint Peter's kò ní ẹnikẹ́ni tó ga tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. 67 sí 64. Kò tí ì sí ẹgbẹ́ ipò 15 tó dé àárín mẹ́jọ tó kẹ́yìn rí kó tó dọjọ́ náà. Florida Gulf Coast àti Oral Roberts ti dé àárín 16, wọn ò kọjá ibẹ̀. Ó ṣe mí láàánú fún Purdue, nítorí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fairleigh Dickinson, ọmọ New Jersey mìíràn, ipò 16, tún nà wọ́n.

Ibo ló parí sí?

North Carolina, ọjọ́ 27. Ó parí síbẹ̀ pátápátá. Bọ́ọ̀lù kọ̀ láti wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lọ sinmi pẹ̀lú pọ́ìntì 19 péré, North Carolina ní 38. Armando Bacot ju 20, ó gba 22 tó ta padà. 69 sí 49.

Ṣé ọmọ Áfíríkà wà nínú ẹgbẹ́ wọn?

Ìbejì ni ẹ bèèrè! Hassan àti Fousseyni Drame, ọmọ Bamako ní Mali. Táíwò àti Kẹ́hìndé nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ọmọ Yorùbá tó wo eré yẹn tí kò rẹ́rìn-ín músẹ́, n kò mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹgbẹ́ náà dà báyìí?

Wọ́n ti tú ká. Shaheen Holloway, kóòṣì wọn, lọ sí Seton Hall kí oṣù kẹta tó parí. Ibẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ndefo bá a lọ. Edert lọ sí Bryant, Banks lọ sí St. Bonaventure, àwọn ìbejì lọ sí La Salle. Òfin ti yí padà l'Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ lè kúrò ní yunifásítì kan kó sì gbá fún òmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìjókòó dúró. Fún yunifásítì ńlá, ọjà lèyí. Fún kékeré, ó dà bí kéèyàn gbin àgbàdo, kó rí i pé ó yọmọ dáadáa, kí aládùúgbò tó ní mọ́tò sì wá kó o. Mi ò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Mo kàn rò pé òfin náà kò ro ti ẹni tó gbìn ín.

Ṣé wọ́n ń gbá football Amẹ́ríkà náà?

Wọ́n ti pa á tì láti ọdún 2007.

Tí mo bá wà ní New Jersey, ṣé mo lè lọ wò wọ́n?

Kí ló máa dí yín lọ́wọ́? Láti oṣù kọkànlá dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni wọ́n ń gbá nílé. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi, kò sí àga tó jìnnà jù. Ẹ jókòó sápá ibi tí ẹni tó wọ aṣọ ọ̀kín máa ń wà, ẹni yẹn kì í jókòó.